Igi Tí Wọ́n Fà Tu Nínú Odò

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí odò.

1.
Adébùnmí jẹ́ tíṣà, ará Èkìtì, tó háyà yàrá méjì létí odò kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Lọ́dọọdún ni omi ń wọlé bá òun àti àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ri ọparun mọ́lẹ̀ nínú odò ní ibi mẹ́fà, wọ́n fi ẹ̀ka igi hun ún bí ọgbà. Omi ń kọjá, ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́. Tí òjò bá pọ̀, á yà sórí àbàtà ẹ̀gbẹ́ odò, ilẹ̀ á rọra fà á mu. Ọdún méjì gbáko, omi ò wọ yàrá ẹnikẹ́ni.

2.
Ilésanmí, alága ẹgbẹ́ onílé, ra àbàtà yẹn láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí wọ́n fa igi náà tu, kí omi yéé yà sórí ilẹ̀ òun. Adébùnmí lọ bá wọn nípàdé. Ó ṣàlàyé pé tí omi ò bá ríbi yà sí, bèbè ni yóò máa jẹ, ilé alága gan-an ló sì sún mọ́ bèbè jù.

Alága rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ilé mélòó lo ní ládùúgbò yìí?"

"Mi ò ní, sà."

"Jókòó jàre. Ìpàdé onílé nìyí. Tó bá kan àwọn tó ń háyà yàrá, a ó pè ọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn tún odò ṣe ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

3.
Wọ́n fa ọparun tu. Típà kó yanrìn wá, wọ́n fi dí àbàtà.

Lóṣù keje, òjò rọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Omi bo yàrá Adébùnmí dé fèrèsé. Ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ló mú jáde. Omi ti jẹ abẹ́ ẹ̀yìnkùlé alága pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Jésùtófúnmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí alága bí, jáde lọ ká aṣọ tí òjò bá lórí okùn. Ilẹ̀ tó dúró lé ya, ògiri wó, omi gbé e lọ.

Àwọn ayálégbé ló wá a kiri. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Adébùnmí bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó.

Alága kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Tíṣà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Adébùnmí kúnlẹ̀ tì í.

Ẹ̀yin onílé, ẹ má dí ibi tí omi ń yà sí. Ẹ má fa ohun tí kì í jẹ́ kó sáré tu. Bí ẹnìkan bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ má bi í ní iye ilé tó ní. Ẹ bi í ní ohun tó rí. Omi ò mọ onílé yàtọ̀ sí ayálégbé.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.