Ọ̀já Inú Ògiri

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, onílé kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀-Odò á kó àkísà tirẹ̀ síta, kí àwọn bíríkìlà lè pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n máa fi tún ilé rẹ̀ rẹ́. Èèpo àgbọn ti di ohun àwátì. Aṣọ ló kù tí kì í jẹ́ kí ògiri là.

Ó ti rẹ Ìyá Fọlárìn. Kò ní àkísà kankan mọ́, àfi ọ̀já tó fi pọn Fọlárìn, ọmọ rẹ̀ tí omíyalé gbé lọ.

Bíríkìlà rí ọ̀já náà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tì í. "Màmá, ẹ jẹ́ ká tọrọ aṣọ lọ́wọ́ aládùúgbò."

"Ta ló ní ju ìpààrọ̀ kan lọ mọ́ ládùúgbò yìí? Gbé sísọ́ọ̀sì wá, jàre."

Fúnra rẹ̀ ló gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó dà á sínú sìmẹ́ńtì tútù.

Nígbà tí ògiri gbẹ, ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì í. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi lọ sẹ́yìn, tó ń gbá ògiri pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.