Igi Gúáfà Lára Ògiri Tọ́míwá

Bí Tọ́míwá bá ti dé láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ nílùú Ìkìrun, òun àti ìyá rẹ̀, Ìbíyẹmí, á tún iyàrá rẹ̀ ṣe. Wọ́n á pààrọ̀ kọ́tìnnì, wọ́n á nu ògiri, ògiri náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ohun tí ọkàn ọmọ náà fà sí jù lọ, bí ògiri iyàrá gbogbo ọmọ ti ń ṣe láyé ìgbà náà.

Lọ́jọ́ yìí, igi gúáfà kan ló yọ, bẹ́ǹṣì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbíyẹmí mọ igi náà. Ẹ̀yìnkùlé Mofẹ́, ìyàwó tuntun tí bàbá Tọ́míwá fẹ́, ló wà. Owú jó o nínú bí ata tó kan egbò. Ó ní kí àwọn yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí ògiri kejì. Wọ́n yí i tán, igi náà tún yọ níbẹ̀, ó tilẹ̀ so.

"Kí ni ìwọ àti Mofẹ́ máa ń ṣe lábẹ́ igi yẹn?"

"A kàn máa ń jókòó ni, Màámi. Àǹtí kì í bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n á dákẹ́ títí èmi fúnra mi á fi sọ̀rọ̀."

Ìbéèrè ti kún ẹnu Ìbíyẹmí. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Owú náà kò tíì kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé gbogbo ìbéèrè náà mì, ó dákẹ́, ó ń retí ohun tí ọmọ náà máa sọ.