Fáìlì Tí Akíntáyọ̀ Fẹ́ Dá Lò

Anìkànjọpọ́n ni Akíntáyọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn lè jọ lò, òun nìkan ló máa ń fẹ́ dá lò ó. Iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan lójú ọ̀nà Sapele, ní ìlú Benin.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀gá wọn, Adéníyì, gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn kan ní New Benin. Akíntáyọ̀ ni yóò ṣe ètò orúkọ àwọn aláìsàn. Tóyọ̀sí, ọmọbìnrin tí wọ́n ṣì ń dán wò lẹ́nu iṣẹ́, ni yóò ṣe ti oògùn. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti gbó, àyè ìrántí wọn kò tó nǹkan. Nítorí náà, Tóyọ̀sí kó ohun tí ètò méjèèjì nílò sínú fáìlì kan ṣoṣo tí wọn yóò jọ máa lò, kí ètò kọ̀ọ̀kan má baà gbé ẹ̀dà tirẹ̀ wá há àyè mọ́ èkejì. Ọ̀gá yìn ín. Inú bí Akíntáyọ̀.

Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n Akíntáyọ̀ kò fẹ́ rí ẹyẹ mìíràn. Nígbà tó ń di ètò tirẹ̀ bí ẹrù tí wọn yóò gbé sórí kọ̀ǹpútà, ó fi fáìlì tó ti yí padà rọ́pò ti Tóyọ̀sí. Ètò tirẹ̀ nìkan ni fáìlì náà bá mu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, àwọn aláìsàn tò síwájú ibi ìgboògùn. Ètò Tóyọ̀sí ṣí, ó kú. Ó ṣí, ó tún kú.

"Ọmọ yìí, àwọn èèyàn ń dúró o!" ni Ìyá Adébùkọ́lá, olórí nọ́ọ̀sì, ké sí i.

Akíntáyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí oní-fáìlì-kan, ṣé fáìlì yín sùn ni?"

Ojú Adéníyì le. "Tóyọ̀sí, bí aago méjìlá bá lù tí kò ṣiṣẹ́, má padà sí ọ́fíìsì."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Tóyọ̀sí rántí pé ètò òun ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé ti Akíntáyọ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá Akin yọ tiwọn kúrò ná."

"Kí ló kan tèmi?" ni Akíntáyọ̀ dáhùn kíákíá.

"Yọ ọ́," ni ọ̀gá wí.

Ó yọ ọ́. Tóyọ̀sí dá fáìlì àkọ́kọ́ padà, orúkọ oògùn sì tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún gbé ti Akíntáyọ̀ lé e, ti Tóyọ̀sí tún kú. Adéníyì ṣí àkọsílẹ̀ ẹrù náà, níbi tí orúkọ ẹni tó dì í àti gbogbo ohun tó fi sí i wà.

"Akíntáyọ̀, ta ló ní kí o pààrọ̀ fáìlì yìí?"

"Ọ̀gá, mo kàn fẹ́ kí tèmi yá ni."

"Àwọn tó wà lórí ìlà yìí ńkọ́?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kí aago méjìlá tó lù, Akíntáyọ̀ ni wọ́n ní kó má padà sí ọ́fíìsì. Títí di òní, kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà Sapele tó gbà kó fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá ní ìpín nínú rẹ̀. Ó ti rí ohun tó ń wá: ó dá wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn yìí kọ́ wa pé ohun àjùmọ̀lò kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá bà á jẹ́ kí ọmọnìkejì rẹ̀ lè ṣubú, aláìsàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń fi ìyà jẹ. Ẹ jẹ́ kí a máa fi àyè sílẹ̀ fún ara wa, nítorí ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.