Aláǹgbá Gígùn Lásán

Adẹ́mu fi igi la ẹnu òkú ejò aláwọ̀ ewé náà.

"Ẹ wò ó! Láàárọ̀, lórí ọ̀pẹ tí ẹyẹ ń sinmi lọ́nà kó tó dé orí ẹ̀, ejò yìí ń rún ìka mi bí eegun, èmi ń rẹ́rìn-ín! Eyín oró dà níwájú? Aláǹgbá gígùn lásán ni!"

"Akọni ìlú Ọ̀pin!" Àwọn tó wá mu ẹmu bú sẹ́rìn-ín.

Damaris ìyàwó Adẹ́mu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọ̀nà ọ̀fun ejò. "Méjì rèé lẹ́yìn, ó mú bí abẹ́rẹ́."

"Ìyẹn, ọ̀pọ̀lọ́ ló fi ń jẹ!" Adẹ́mu rẹ́rìn-ín, ó lanu gbàǹgbà.

Damaris tẹjú mọ́ ẹnu ọkọ ẹ̀. "Bàbá Japhet, ta ló fún yín lóbì jẹ?"

Adẹ́mu fọwọ́ nu ètè. Ọwọ́ pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Kò tíì fẹnu kan obì lónìí.