Àbàwọ́n Ojú Ìwé Kẹrìnlá

Olúlékè, alága ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé Ìdànrè, máa ń fọ́nnu pé òun lè fi ohun tí èèyàn ń mu mọ irú ìtàn tí yóò kọ. Pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Catherine, tó ń kọ ìtàn ìfẹ́, ń mu tíì oníwàrà tí ṣúgà rẹ̀ ń dun èèyàn léyín. Dúrótoyè àgbẹ̀ kò ní mu ju tíì kòkó inú agolo lọ. Ó ní kòkó òun náà ló lọ sí òkè òkun tó padà wá bá òun. Olúlékè fúnra rẹ̀, tíì pupa tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Àwọn tó kù ń mu ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn. Anthony nìkan ló ń mu kọfí, dúdú kirikiri, láìsí wàrà, láìsí ṣúgà. Kò sẹ́ni tó ń bá a du ú.

Àdúràọlá, ìyàwó Olúlékè, ló ń po gbogbo rẹ̀. Kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè, kì í sì í ṣi ife gbé. Bó bá ti gbé tìréè kalẹ̀, á padà sí kíṣìnnì. Catherine ní kó jókòó mu nǹkan pẹ̀lú àwọn lẹ́ẹ̀kan. Àdúràọlá ní òun á mu tòun tó bá yá.

Agolo kọfí nìkan ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nílé náà. Àkúrẹ́ ni Olúlékè ti ń rà á, kì í sì í lò ju oṣù kan lọ.

“Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù,” ló wí, “àbí ó ń fi í wẹ̀ ni?”

Àdúràọlá ní kó má bínú, pé àlejò ni.

Lọ́dún yìí, ilé ìtẹ̀wé kan gbà láti tẹ ìtàn kan ṣoṣo fún wọn, kí wọ́n sì pín in fáwọn iléèwé. Olúlékè ni yóò yàn án. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ sí orúkọ lórí ìwé. Ọ̀dọ̀ Mùjídàt tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé nítòsí gáréèjì ni gbogbo wọn ti tẹ̀ ẹ́, bébà kan náà, lẹ́tà kan náà, wọ́n sì ń yọ́ wá jù ú sínú páálí tó wà ní fàráńdà Olúlékè. Bí ìdájọ́ bá parí, wọ́n á kó àwọn tí kò yege sórí tábìlì, gbogbo èèyàn á bọ́ síta, oníkálukú á sì wọlé lọ mú tirẹ̀, kí ojú má bàa ti ẹnì kankan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé mẹ́fà ló wọlé. Olúlékè ń sùn, ó ń jí lórí márùn-ún. Ìkẹfà kò jẹ́ kó sùn. Ìtàn ìyá arúgbó kan ni, tó kọ̀ láti bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ìlú ń kúrò ní Òkè Ìdànrè. Lójoojúmọ́ ló ń se oúnjẹ gbogbo ilé, tó ń gbé àwo oníkálukú sí ààyè rẹ̀, tó ń pè wọ́n lórúkọ. Tó bá yá, á tún kó o kúrò bó ṣe gbé e kalẹ̀. Olúlékè nu ojú. Àdúràọlá, tó ń gbálẹ̀ pálọ̀, dúró.

“Kí ló dé, Bàbá Tófínmi?”

“Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ta sí mi lójú.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń gbálẹ̀ lọ. Ó kọrin ìsìn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti pẹ́ tí Olúlékè ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ojú ìwé kẹrìnlá ló ti rí àbàwọ́n náà, òbírí kan bí ìdí ife. Ó gbé e sún mọ́ imú. Kọfí ni.

Ara rẹ̀ gbóná. Ìgbómìnà ni bàbá Anthony ti wá ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Ofosu; títí dòní, Anthony kò lè sọ èdè Ìdànrè kó gún. Ta ló sọ fún un bí àwọn ìyá àwọn ṣe ń to àwo? Anthony yìí kan náà ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n pa ti Olúlékè tì, tí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó jowú nígbà náà, kò sì tíì ṣíwọ́. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà: “Ẹni tó kọ èyí kò mọ nǹkan kan nípa obìnrin Ìdànrè. Kó jáwọ́ nínú ìwé kíkọ.” Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ìtàn ọlọ́mọge méjì tó ń jà nítorí ọkùnrin kan ló kéde ní Sátidé. Catherine fò dìde, ó ń jó. Ojú Anthony ni Olúlékè ń wò. Anthony ń pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo wọn. Kò fọwọ́ kan ife rẹ̀. Ó ní dókítà ti gba kọfí lẹ́nu òun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní kíṣìnnì, orin tó ti ń dún láti àárọ̀ dákẹ́.

Wọ́n bọ́ síta. Dúrótoyè wọlé, ó ká tirẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò. Àwọn mẹ́ta mìíràn lọ, wọ́n bọ̀, Anthony wà láàárín wọn. Ìwé tó gbé jáde tín-ín-rín, ó funfun báláú, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ó dágbére fún alága, ó pe ọ̀kadà. Olúlékè dúró títí ọ̀kadà náà fi yí kọ́nà, lẹ́yìn náà ló rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

Àdúràọlá ti kó àwọn ife sínú tìréè. Ìwé tó kù lórí tábìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ka ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tó sì kà á tán, ó pa á dé, ó fi há abíyá, ó gbé ife kọfí tí Anthony kò fọwọ́ kàn, ó sì mu ún dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láì fajú ro.