Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Tó Pẹ́ Kó Tó Pa

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì gbé páálí bàtà kan wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ó ti tẹ́ òwú sínú rẹ̀, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo ló sì wà lórí òwú náà.

"Màmá, ẹ gbé e sétí ná."

Ìyá rẹ̀ gbé e sétí. Nǹkan kan ń kan èèpo láti inú wá, kó, kó, kó.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde láti àná," nọ́ọ̀sì wí. "Ọlọ́sìn adìẹ ní òun fẹ́ dà á nù. Mo ní kó fún mi."

"Kí n wá fi ṣe kí ni? Kí n bá pẹ́pẹ́yẹ gbẹ̀bí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ogójì ọdún ni ìyá náà fi ṣe agbẹ̀bí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbà sáyé ló ti di abiyamọ, tí òun náà sì tún gba ọmọ tiwọn. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni àdúgbò ń pè é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lọ́dún tó kọjá sì ni àkọ́bí tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì, bí kú sí i lọ́wọ́. Agbẹ̀bí ní ìwọ́ ló wé mọ́ ọmọ lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì ní ìyá òun ló kánjú fà á. Láti ìgbà náà, wọn ò sọ ọ́ mọ́. Ní báyìí, oyún mìíràn ti pé oṣù mẹ́sàn-án nínú Pẹ́lẹ́ńgẹ́, agbẹ̀bí sì ti di àpò iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Ẹ jẹ́ ká ṣàdéhùn," nọ́ọ̀sì wí. "Bí ẹ bá yọ èyí láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gba ọmọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta, ẹ ó gbé àpò yẹn fún mi."

Agbẹ̀bí wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu imú, ìwọ lo wá ń dán mi wò. Ó dáa. Bá mi gbé gílóòbù iná wá."

Wọ́n fi iná sókè páálí náà, wọ́n sì gbé abọ́ omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹyin má baà gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹnu pẹ́pẹ́yẹ náà lu ihò tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ihò náà ò sì tóbi sí i mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì dé láti ibi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Màmá, ṣé kò ní kú síbẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára awọ inú èèpo. Bí o bá ṣí i lónìí, o pa á nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú ẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́? Kí ló dé tí kì í gbé fóònù mi?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Oorun ló ń sùn ṣáá."

"Kó sùn dáadáa. Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

"Mo máa sọ fún un, mà."

Ní ọjọ́ kẹrin, ohùn inú ẹyin náà ti rẹlẹ̀. Agbẹ̀bí fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó sì fi ìgúnpá méjèèjì ti tábìlì títí gbígbọ̀n náà fi rọlẹ̀. Ó rẹ òwú sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó fi pa awọ tó wà nídìí ihò náà. Ìlà pupa kan hàn níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó ká ọwọ́ kúrò. Ó dúró títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, tó sì dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó tún wò ó, ìlà náà kò sí mọ́.

Ó mú ẹ̀mú kékeré, ó ń ṣí èèpo náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá fẹ́ gbọ̀n, á gbé e sókè. Kò fa ohunkóhun. Ó fi ìsàlẹ̀ ẹyin sílẹ̀ kí ọmọ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ta á dànù. Ó ta á, ó sinmi, ó tún ta á, ó sì bọ́ sílẹ̀, ó tutù rinrin, ó ń ké.

Nọ́ọ̀sì yí òwú náà síwá sẹ́yìn.

"Wò ó dáadáa," agbẹ̀bí wí. "Lọ mú awò ojú rẹ wá."

"Kò sí ẹ̀jẹ̀, mà."

"Ta lọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Agbẹ̀bí gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Ó tó. Mi ò bínú sí ẹ. Àgbà tí ọmọ ẹ̀ ò bá yẹ̀ wò, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó pààrọ̀ aṣọ, ó wé gèlè, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó yá, jẹ́ ká lọ. Ọmọ kì í dúró de ẹnì kankan."

"Màmá, ẹ jókòó."

Láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti bí ọmọkùnrin rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti bẹ ìyá rẹ̀ ṣáájú pé kó bá òun wá ẹyin kan tó máa pẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.