Agbálùmọ̀ Òkè Hada

Òtútù ti dé òkè Hada, nítòsí Mẹ́kà.

Raheemat ń fi kúbùsù ọmọ rẹ̀ bo ìdí igi agbálùmọ̀ oko wọn.

"Sultan mi, òtútù ò ní mú ọ," ló ń sọ fún igi.

Mansur, ọkọ rẹ̀, ń wolẹ̀.

Ọdún méje rèé tí ooru pa Sultan, ọmọ wọn, ní Hajj. Obìnrin kì í wọ itẹ́ òkú ibẹ̀, Mansur nìkan ló lọ bu iyẹ̀pẹ̀ sàréè wá. Òun ni wọ́n fi gbin igi yìí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so.

"Bàbá Sultan, ẹ tọ́ ọ wò."

Ó dùn, àmọ́ Mansur gbé e kalẹ̀.

Wọn kì í kọ orúkọ sí sàréè ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí Mansur lọ, ó wá ti ọmọ rẹ̀ títí, kò rí i.

Ẹ̀gbẹ́ ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Jarwal, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, ló ti bu iyẹ̀pẹ̀ náà.